Lẹ́tà Tí A Ṣí Lójú Àdúgbò

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, 1951.

Mọ́ṣúdù ọmọ mi,

Salámù aléékù. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù kò tíì gbé ọ mì? Àwa ń gba ààwẹ̀ lọ́wọ́. Tíṣà Ọmọ́táyọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé mi ló ń bá mi kọ èyí bó ti máa ń ṣe, ó sì ní kí n bá òun kí ọ. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kò gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹni tó ń dáná lọ́sàn-án nínú ilé, ebi tó ń pa wá náà ló ń pa á.

Ìjọba ti mú ìdìbò dé. Wọ́n ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ yan ẹnì kan, àwọn tí a bá yàn yóò pàdé, wọn yóò tún yàn nínú ara wọn, títí yóò fi kan àwọn tí yóò lọ jókòó nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Ìdìbò àkọ́kọ́ yìí kì í ṣe ti bébà. Àwọn tó ń dupò yóò dúró ní gbangba, ẹni tó bá ní rìsíìtì owó-orí lọ́wọ́ yóò sì lọ tò sẹ́yìn ẹni tó wù ú, kí ọ̀gá tí ìjọba rán wá lè kà wọ́n lórí ìdúró. Ẹni tí kò bá rí ènìyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi bú.

Èmi yóò dúró. Adélàjà tó ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń ra ẹkùrọ́ náà ní òun yóò dúró, nítorí pé ó gbọ́ òyìnbó. Mo ní ṣé òyìnbó ni wọ́n fi ń tukọ̀ ni? Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fẹ́ràn ìwé báyìí, ìwé tèmi sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ lẹ́tà kan wá tí a ó kà fún àdúgbò. Kọ ọ́ pé o mọ bàbá rẹ, pé kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí, pé bí o bá ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ tán, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ mú omi ẹ̀rọ wọ àdúgbò.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ilé olóògbé Súbérù ní ènìyàn mẹ́tàlélógún tó ní rìsíìtì. Ibi tí opó rẹ̀, Kúlúsúmù, bá nawọ́ sí ni gbogbo wọn ń lọ, obìnrin náà kò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti tẹ̀wọ̀n dé tó sì kú. Ojú rẹ wà lára Rọ̀kíbátù ọmọ wọn kí o tó wọkọ̀. Èmi bàbá rẹ rí i, mo dákẹ́ ni. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà náà pé bí o bá dé ní oṣù kejìlá, o ó fẹ́ ẹ. Èmi yóò gbé obì lọ.

Tètè fèsì. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bísíríyù Ògúnsànyà.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹfà, 1951.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́run yóò gbà á. Ara mi le. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ni mo ṣì wà, mo sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ìdánwò wa di oṣù kọkànlá, bí mo bá sì yege, ọkọ̀ oṣù kejìlá ni mo máa wọ̀.

Mo rí ohun tí ẹ kọ nípa ìdìbò. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn dúró. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó fún yín, ẹ kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́. Ní ti Rọ̀kíbátù, ẹ má tíì gbé ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀. Ẹ má gbé obì, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo bá dé a ó sọ̀rọ̀.

Ẹ bá mi kí Tíṣà àti gbogbo ará ilé. Mo fi ike ìṣeré ọmọdé kan ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n mi Kúbúrá ní Ìkòròdú, kí ó tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọ́ṣúdù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù keje, 1951.

Mọ́ṣúdù,

A ti ṣe ọdún ìtúnu ààwẹ̀, a dúpẹ́. Lẹ́tà rẹ bá wa ní ọjọ́ kejì ọdún, nígbà tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi kún fún ènìyàn. Tíṣà kà á sí mi létí nínú yàrá bí a ti máa ń ṣe, kí a lè mọ èyí tí a ó mú jáde fún àwọn ará ìta. Kò sí ohun tí a lè mú jáde. Mo jókòó sórí àga, mo wo Tíṣà, òun náà wò mí. Mo jáde, mo ní ọmọ mi kí gbogbo yín. Wọ́n ní ṣé ìyẹn nìkan ni?

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. O ní kí ẹlòmíràn dúró. Ta ni? Adélàjà? O ní n kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ṣé àgbà ni wọn kì í fi jẹ nǹkan ni? Àti ọmọbìnrin tí o ti fojú wò títí tí ìyá rẹ̀ fi mọ̀, o ní kí n má gbé ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí òyìnbó obìnrin kan bá ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa, sọ ọ́.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Adélàjà ti ń sọ ọ́ kiri báyìí pé lẹ́yìn ilé mi ni Tíṣà ti ń kọ àwọn lẹ́tà Lọ́ńdọ̀nù, pé ìwọ ti kú tàbí pé o wà lẹ́wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí lójú mi.

Mo bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí ni mo ṣe tí ẹnu rẹ kò fi lè yìn mí? Bí o bá ní ohun kan sí mi, kọ ọ́ wá kí n gbọ́. Èmi kò bẹ̀rù ọmọ tí mo bí.

Bàbá rẹ,
Bísíríyù Ògúnsànyà.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù keje, 1951.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo sì tọrọ àforíjì kí n tó sọ̀rọ̀. Etí ẹ̀yin àti Tíṣà nìkan ni mo kọ èyí fún. Mo mọ̀ pé inú yàrá ni ẹ ti ń gbọ́ lẹ́tà mi kí ẹ tó mú ohunkóhun jáde, ìyẹn ló fún mi láyà.

Ẹ ní bí mo bá ní ohun kan sí yín kí n kọ ọ́ wá. Ǹ bá tún dákẹ́ ni, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní òpópó tí mò ń gbé. Ní ìlú yìí, ìwé ni wọ́n fi ń wọn ẹran fún olúkúlùkù títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun ti parí láti ọdún mẹ́fà. Ọkùnrin kan tó ń ta ẹran nítòsí wa máa ń yọ́ díẹ̀ fún àwọn aboyún. Ó fún èmi náà ní ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ikọ́ dá mi dùbúlẹ̀. Ẹnì kan kọ lẹ́tà aláìlórúkọ sí àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì wá mú un lójú ìyàwó rẹ̀. Gbogbo òpópó tú jáde, wọ́n ń bú ẹni tó kọ lẹ́tà náà. Mo dúró láàárín wọn, mò ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn.

Bàbá, ọwọ́ mi ni mo fi kọ lẹ́tà tó gbé Bàbá Rọ̀kíbátù lọ sẹ́wọ̀n ní ọdún 1945. Ẹ̀yin lẹ pè mí wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ ń sọ, mò ń kọ: ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣí ní Èjìnrìn, iye àpò gàrí tó wà nínú rẹ̀, ibi tí yóò gbà tí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀sà kò fi ní í rí i. Gàrí tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má gbé lọ sí Èkó nígbà ogun, ta ni kò gbé e ní Ẹ̀pẹ́? Ẹ̀yin pàápàá gbé e. Nítorí pé àwọn oníbàárà yín ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹ fi mú tirẹ̀ lọ fún Ajẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ òyìnbó kọ dáadáa, inú mi tilẹ̀ ń dùn pé ẹ ní ọwọ́ mi dára. Bàbá Rọ̀kíbátù lo oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n, ó dé pẹ̀lú ikọ́, kò pé ọdún kan ó kú. Èmi náà wà lára àwọn tó gbé òkú rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ pé ẹ kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ẹ gbé obì lọ sí ilé yẹn nítorí ènìyàn mẹ́tàlélógún? Mo fẹ́ Rọ̀kíbátù, Bàbá. N kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ìdí tí n kò fi lè béèrè rẹ̀ nìyí.

Ẹ má dúró ní ìdìbò. Ẹ mú àgbà méjì, ẹ lọ bá Kúlúsúmù ní ìdákẹ́jẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo bá dé, èmi náà yóò dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Bó bá lé wa, ó ti lé wa.

Ọmọ yín,
Mọ́ṣúdù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ, 1951.

Mọ́ṣúdù ọmọ mi,

Mo gbà pé ìbínú wà nínú lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn. Gbàgbé rẹ̀. Mo ń kọ èyí pẹ̀lú ayọ̀, nítorí pé mo ti rí ọ̀nà tí n ó fi pa ẹnu Adélàjà dé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, ó dìde ní gbangba níwájú mọ́ṣáláṣí, ó tún sọ ọ̀rọ̀ ayédèrú lẹ́tà rẹ̀. Kúlúsúmù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Mo dìde, mo ní ó dára. Lẹ́tà tó bá tún ti Lọ́ńdọ̀nù dé, n kò ní í fọwọ́ kàn án. Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni yóò mú un wá fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀, Adélàjà yóò yẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ wò, yóò ya á lójú gbogbo ènìyàn, Tíṣà yóò sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo àdúgbò ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Ojú Adélàjà rẹ̀.

Mo mọ̀ pé lẹ́yìn ìbínú mi, o ó ti kọ èyí tó dára. Ọmọ mi ni ọ́. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, ọjọ́ Sátidé, ni a ó tò.

Bàbá rẹ,
Bísíríyù Ògúnsànyà.


WÁYÀ. LỌ́ŃDỌ̀NÙ SÍ Ẹ̀PẸ́. ỌJỌ́ KẸTÀLÁ OṢÙ KẸJỌ.
BÍSÍRÍYÙ ÒGÚNSÀNYÀ. Ẹ̀YIN NÌKAN NI LẸ́TÀ OṢÙ KEJE WÀ FÚN. Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N ṢÍ I NÍTA. MO BẸ̀ YÍN. MỌ́ṢÚDÙ.


Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú,
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ, 1951.

Mọ́ṣúdù àbúrò mi,

Èmi kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà, o mọ̀ pé ìwé kẹrin ni mo kà dé. Ike ìṣeré dé, ó ṣeun. Ká ní o mọ̀, ike nìkan ni ò bá fi ránṣẹ́.

Mo wà ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, mo lọ bá wọn dáná fún àlejò. Wáyà rẹ dé ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé mú lẹ́tà wá, Adélàjà yẹ òǹtẹ̀ wò títí, ó ní lóòótọ́ ni, ó ya á, ó gbé e fún Tíṣà. Bàbá jókòó sórí àga ńlá pẹ̀lú fìlà tuntun. Tíṣà kí wọn láti inú lẹ́tà, ó fo ibi tí o ti ní etí àwọn méjì nìkan ni, mo rí i pé ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn ènìyàn ní kó ké sókè. Ó ka ti ẹlẹ́ran Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan ń káàánú rẹ̀. Ó wá kà á pé, “Bàbá, ọwọ́ mi ni mo fi kọ lẹ́tà tó gbé Bàbá Rọ̀kíbátù lọ sẹ́wọ̀n,” ó sì dákẹ́. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ kí ojú rẹ̀ tó bá a. Ó ká lẹ́tà náà sí méjì.

Kúlúsúmù kò dìde. Adélàjà ló kígbe pé kí wọ́n ka èyí tó kù. Bàbá dìde, ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó fà á ya wẹ́wẹ́, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó sì sunkún. Mọ́ṣúdù, n kò rí i kí Bàbá sunkún rí, bí Ìyá wa ti kú náà kò sunkún. Ó ní, “Ẹ wo ohun tí mo bí. Èmi àti Súbérù jọ ń jẹun nínú àwo kan, ọmọ inú ilé mi ni ọ̀tá rẹ̀, n kò mọ̀.” Ó ní ọwọ́ ìwé tí òun fi owó ọkọ̀ kọ́ ọ ni o fi pa ọ̀rẹ́ òun. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ́wọ́. Adélàjà ṣì ń béèrè èyí tó kù, wọ́n ní kó lọ jókòó, ṣé ìtìjú tó bá ọkùnrin náà kò tíì tó o ni?

Èmi ni mo gbálẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ. Mo ṣa àwọn bébà náà, mo tò ó sórí àkéte, mo kà á tán, Tíṣà náà kà á, ó sì lọ sọ ọ́ sí Bàbá létí nínú yàrá. Nítorí náà mo mọ èyí tó kù.

Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n tò. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gọ́ta wà lẹ́yìn Bàbá, mẹ́rìnlélógójì wà lẹ́yìn Adélàjà. Àwọn ará ilé Súbérù, mẹ́tàlélógún, ẹ̀yìn Bàbá ni gbogbo wọn tò sí. Tìrìmísíyù àkọ́bí wọn ló ṣáájú ìlà.

N kò mọ ohun tí n ó sọ fún ọ. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sí mi?

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kúbúrá.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, 1951.

Mọ́ṣúdù,

Mo gba wáyà rẹ. A ti yàn mí, mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, àwa tí àdúgbò gbogbo yàn yóò pàdé.

O ní kí n mú àgbà méjì, kí n lọ bá Kúlúsúmù. Mo lọ. Kí a tó tò ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n mi yìí, mo bẹ̀ ẹ́ lórúkọ rẹ. Ohun tí o ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo tún ṣèlérí pé bí ọwọ́ mi bá tẹ ibi tí mò ń lọ, Tìrìmísíyù ọmọ rẹ̀ ni yóò máa ṣe alábòójútó ọjà. Ó gbọ́, ó ní òun ti gbọ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ. Ronú bí ọkùnrin. Ìwọ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tó lè nawọ́ gbá ọ létí níbẹ̀. Èmi ni mò ń kọjá níwájú ilé wọn lójoojúmọ́. Ẹrù kan ṣoṣo ni, ẹnì kan ló sì máa rù ú. Bí èmi bá rù ú, ilé wa wó, tìrẹ náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìwọ bá rù ú, ilé wà nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọn yóò pè é, tó bá pẹ́ wọn yóò gbàgbé. Má kọ nǹkan kan mọ́ nípa rẹ̀. Má sì wá ní oṣù kejìlá, jẹ́ kí ilẹ̀ tutù ná.

N kò sọ pé o purọ́. Kò sí ẹni tó ní o purọ́.

Bàbá rẹ,
Bísíríyù Ògúnsànyà.

Èmi Ọmọ́táyọ̀ tí mo kọ èyí ní ọ̀rọ̀ tèmi. Mọ́ṣúdù, ojú mi rí gbogbo lẹ́tà náà, ẹnu mi kò sì tíì sọ ọ́ fún ará ìta kankan. Ìyàwó àti ọmọ márùn-ún ni mo ní nínú yàrá ẹ̀yìn yìí, n kò ní ibòmíràn. Má bú mi.


Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án, 1951.

Ẹ̀gbọ́n mi Kúbúrá,

Mo kí yín, mo kí Bàbá Wùnmí àti àwọn ọmọ. Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ iléyá. Ẹ ní kí ló dé tí n kò kọ ọ́ sí yín. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ ó kórìíra mi. Ìdí rẹ̀ nìyẹn, kò sí òmíràn.

Bàbá bẹ Kúlúsúmù lórúkọ mi! Mo ka ibẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé mi lọ síbi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn òyìnbó fi ń wò mí. Wọ́n kò fún mi ní ààyè láti bẹ̀bẹ̀ fúnra mi.

Lẹ́tà kejì wà nínú èyí. Ti Kúlúsúmù ni. Mo sọ ohun gbogbo níbẹ̀: yàrá tí a ti kọ ọ́, ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tó ń kọ ọ́. N kò sọ pé n kò jẹ̀bi. Mo jẹ̀bi. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó mọ àwọn méjì tó jẹ̀bi, kí ó tó pinnu ọ̀rọ̀ Rọ̀kíbátù. Tíṣà nìkan ló ń ka lẹ́tà fún wọn ní àdúgbò, n kò sì lè fi í lé e lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, kí ẹ̀yin gan-an kà á sí i létí láìfo ọ̀rọ̀ kan. Mo mọ̀ pé Bàbá ni bàbá yín náà. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè rán.

Àbúrò yín,
Mọ́ṣúdù.


Lásúnwọ̀n, Ìkòròdú,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, 1951.

Mọ́ṣúdù àbúrò mi,

Mo gbé lẹ́tà rẹ sábẹ́ ẹní fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kí n má purọ́ fún ọ, mo fẹ́ sun ún. Bàbá Wùnmí ní bí mo bá gbé e lọ, kí n má padà sílé òun, nítorí pé Bàbá ti sọ pé wọn yóò fi í ṣe akọ̀wé ní kánsù. Mo wò ó, mo ronú rẹ̀ títí. Nígbà tó di ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, mo sọ fún un pé mò ń lọ kí àwọn ará ilé lẹ́yìn iléyá, mo wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ilé ni mo bá Kúlúsúmù, ó ń hun ẹní. Mo ní mo ní iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ, ó ní kí n jókòó. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò fo nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹní náà. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Súbérù sọ fún mi kó tó kú. Wọ́n fi lẹ́tà náà hàn án ní kóòtù, ó rí i pé ọwọ́ ọmọ iléèwé ni, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ kékeré kò mọ wákàtí tí ọkọ̀ òun ń ṣí ní Èjìnrìn. Ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń jẹun.”

Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi tò sẹ́yìn Bàbá. Ó gbé ojú sókè nígbà náà. Ó ní Tìrìmísíyù ní ọmọ mẹ́rin, kò sì ní ọkọ̀, torí pé ìjọba gba ti bàbá rẹ̀. Òkú kì í bọ́ ọmọ. Nígbà tí Bàbá wá kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀bẹ̀ lórúkọ rẹ, òun mọ̀ pé irọ́ ni, òun jẹ́ kó pa á tán, òun sì gba ọjà fún ọmọ òun.

Mo ní ṣé kò lè sọ òtítọ́ náà báyìí tí a ti yàn án tán. Mọ́ṣúdù, gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, “Gbogbo ayé ló rí wa. Mẹ́tàlélógún ni wá tí a tò sẹ́yìn ẹni tó pa Súbérù, ọmọ tí mo bí fún un ló ṣáájú. Bí mo bá la ẹnu lónìí pé Bísíríyù ni, ta ni mo fi bú? Rárá. Mọ́ṣúdù ni. Bí a ti gbọ́ ọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí. Sọ fún un pé mo gbọ́ lẹ́tà rẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa. Sọ fún un kó má padà wá.”

Ó gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú iná tí wọ́n fi ń yan ẹja.

Rọ̀kíbátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ̀ títí mo fi dé èbúté, tí mo rí i pé ó ń tẹ̀lé mi bọ̀. Wọ́n ti fi í fún ọkùnrin kan tó ń ta igi pákó ní Ìgbògbò, oṣù tó ń bọ̀ ni ìyàwó. Mo rò pé ó fẹ́ rán mi sí ọ. Ó dúró, kò kí mi. Ó ní, “Nígbà tó ní kí n dúró de òun, ṣé ó ti kọ lẹ́tà sí Ajẹ́lẹ̀ ni, àbí kò tíì kọ ọ́?”

Mo lè purọ́ fún un, Mọ́ṣúdù. Gbogbo wa la ti pa irọ́ tiwa. Mo ní o ti kọ ọ́, bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún méjì. Ó mi orí. Ó ní ó dára, ó sì padà sílé.

Bàbá kò yege ní ìdìbò kejì tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ará àdúgbò òkè ni wọ́n mú. Ó ní owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ó sì ń kọjá níwájú ilé Súbérù lójoojúmọ́, wọ́n sì ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn.

Bí o bá ti sanwó ọkọ̀ oṣù kejìlá, ní kí wọ́n dá a padà fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kúbúrá.